Àmì Kékeré Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nílé Màmá Aránṣọ

Nígbà tí Bàbá Àdírẹ́sì fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé páálí funfun ńlá kan káàkiri ọ́fíìsì wa pé kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan kọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀gá Aago kọ pé òṣìṣẹ́ tó dáńgájíá ni, ó sì buwọ́ lù ú gàdàgbà. Nígbà tó kàn mí, mo di bírò mú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá kọ ìlà kan péré: "Ó dàbọ̀, Bàbá rere." Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó yẹ kí n kọ gan-an gùn ju ìyẹn lọ, òun ni mo sì fẹ́ sọ báyìí.

Orúkọ yẹn, Bàbá Àdírẹ́sì, àwa la fún un, yẹ̀yẹ́ la sì fi ṣe. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ojúlé ni wá. A ní ilé alájà kan, ọkọ̀ mẹ́ta, àkàbà mẹ́fà, àti yàrá ẹ̀rọ kan tí òtútù inú rẹ̀ ń wọ èèyàn léegun. Èmi wà nídìí fóònù lókè, mo ń gba ẹ̀sùn. Òun wà lára àwọn tó ń lọ sójúlé. Ọkùnrin gíga tó tínrín ni, tó máa ń fi tépù dúdú wé bàtà rẹ̀ tó ti ya dípò kó ra òmíràn, tí kì í sì í jáde láìmú ìwé kékeré kan sápò àyà. Gbogbo ilé tó bá wọ̀ ló ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣe àti ohun tó ṣẹ́ kù tí kò tíì ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó, á ka ìwé náà látòkè dé ìsàlẹ̀, á sì máa fa igi la àwọn ohun tó ti parí. A máa ń bi í bóyá ìdánwò ló fẹ́ ṣe.

Ohun tó sọ ọ́ di Bàbá Àdírẹ́sì nìyí. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́mbà lójú títì. Àwọn nọ́mbà àtijọ́, tí à ń pè ní ẹ̀yà kẹrin, ti tán nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní díẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ lò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ni pé ká kó igba ilé sábẹ́ nọ́mbà kan ṣoṣo, bí agboolé tó ní ẹnu ọ̀nà kan. Ará ilé lè jáde kó sì padà wọlé bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti ìta wá tó ní òun ń wá ẹnì kan, ẹni tó ń ṣọ́nà kò mọ yàrá tí yóò júwe fún un, á ní kó máa lọ. Ẹni tó kàn ń wo fíìmù tàbí tó ń ka ìròyìn kò ní mọ̀ láé. Àwọn nọ́mbà tuntun, ẹ̀yà kẹfà, ní tiwọn, wọ́n pọ̀ débi pé a lè fún gbogbo ilé ní tirẹ̀, ká tún fún fìríìjì wọn, kó má sì dín kù.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi ń pariwo pé ká fún àwọn èèyàn ní àdírẹ́sì tuntun. Kò sí ìpàdé tí kì í ti í na ọwọ́ sókè. Á ní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe é, àwa ńkọ́? Ọ̀gá Aago, tó jẹ́ olórí wa, á dá a lóhùn pé, "Ta ló bèèrè?" Àwa tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an, bí ó bá ti gba iwájú mi kọjá láàárọ̀, mo máa ń ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó yín ti gba àdírẹ́sì tuntun tirẹ̀?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ìwọ Aláfóònù yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá bẹ̀ mí." Kò mọ ohun tó ń sọ, èmi náà ò sì mọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà fún un. Wọ́n ní kó fi ogún ilé dán an wò. Ilé àkọ́kọ́ tó mú ni ti Màmá Aránṣọ.

Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán kí ojú tó kọ̀ ọ́, òun nìkan ló sì ń gbé ilé kan ní ìparí títì. Ọmọ kan ló bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ìlú tó wà sì jìnnà tó ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀. Etí Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ fóònù mọ́, nítorí náà Nọ́ọ̀sì ra kámẹ́rà kékeré kan, ó gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ó ní iná búlúù kan níwájú, ó sì lè gba ohùn kó sì sọ ohùn jáde. Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ kí àwòrán inú ilé ìyá òun gba ọwọ́ àjèjì kankan kọjá, ó fẹ́ kí fóònù òun lọ tààrà sínú ilé náà. Lábẹ́ àdírẹ́sì tí igba ilé jọ ń lò, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ọjọ́ tí Bàbá tan àdírẹ́sì tuntun sínú ilé yẹn, Nọ́ọ̀sì wo inú fóònù rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń gé àlùbọ́sà, ó pè é, ìyá náà sì wo òkè, ó dáhùn. Bàbá sọ fún wa pé òun dúró síbẹ̀, òun ń nu ojú, àwọn obìnrin méjèèjì rò pé àlùbọ́sà ni.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń pe kámẹ́rà yẹn ní "ọmọ mi". Àwa ń pe ilé náà ní ilé olójú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àìsàn tó ń ṣe àwa oníṣẹ́ yìí. Bí oníbàárà tó wà lórí àdírẹ́sì tuntun bá ti ráhùn pé ohun kan ò ṣiṣẹ́, ohunkóhun tí ì báà jẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé ká pa tuntun. Nínú ètò àpótí wáìfáì, tí a ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré kan wà bí èyí tí tíṣà fi ń máàkì, bí èèyàn bá ti yọ ọ́, ilé náà á padà sábẹ́ àdírẹ́sì àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìráhùn náà á dópin. Oníbàárà á dúpẹ́, ẹ̀sùn á parí, a ó sì bọ́ sí ilé tó kàn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe é ní ti gidi, kò sì sí ẹni tó ń padà lọ tan án. Bàbá nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń pa á káàkiri báyẹn, ọjọ́ wo la máa mọ ibi tí àléébù wà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tí mò ń sọ. Ẹ̀sùn dé láti ilé Màmá Aránṣọ pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń yí ṣáá, kò gbé àwòrán wá. Bàbá lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni Ọ̀gá Aago là sílẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, aago ńlá kan tó ń fi nọ́mbà pupa hàn sì wà lára ògiri tó kọjú sí mi. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn àga mi. Mo pe Bàbá.

"Bàbá, àkókò ti ń tán o."

"Mo mọ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ tiwa ni àṣìṣe yìí wà, níbi tí ọ̀nà tuntun ti kúrò lọ́wọ́ wa. Jẹ́ kí n wá a kàn. Kò ní ju ààbọ̀ wákàtí lọ."

"Ilé márùn-ún ló ṣì ń dúró dè yín. Ẹ pa tuntun yẹn, kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Aláfóònù, ilé olójú nìyí."

"Mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, ẹ tan án padà láti ibí, kẹ́ ẹ wá wá àṣìṣe yín ní ìrọ̀rùn."

Mò ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ mu omi.

"Mi ò fẹ́ ṣe é," ni ó wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Wọ́n dúró sí mi lórí níbí."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo ti pa á. Tẹlifíṣọ̀n ti ṣí."

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹ̀sùn lórí kọ̀ǹpútà: A pa àdírẹ́sì tuntun. A ó tan án padà kí ọ́fíìsì tó pa. Ọ̀gá Aago kúrò lẹ́yìn mi. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ilé karùn-ún tí Bàbá lọ, wáyà ti já lórí òpó, ó sì dúró lórí àkàbà nínú òjò yẹn títí iṣẹ́ fi parí. Ìwé kékeré tó wà lápò àyà rẹ̀ rin gbingbin, àwọn ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó ti ibẹ̀ lọ sílé lọ bọ́ aṣọ tútù, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì kó gbẹ, kò sì lè kà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí ìwé tèmi kò rin, mo pa kọ̀ǹpútà, mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Ní aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìpè àkọ́kọ́ wọlé. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ balẹ̀ jù.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò rí ìyá mi láti ọ̀sán àná. Mo pe ọ́fíìsì yín nírọ̀lẹ́ àná, ọkùnrin tó gbé e ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí n pa á kí n tún un tàn. Mo ti ń pe fóònù ìyá mi láti ìdájí, wọn ò gbé e."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ilé náà ń tàn ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo kà á fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Ẹ má bínú mà, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ipò lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá wa pa àpótí náà, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì..."

"Ta ni yóò pa á?" ni ó wí. "Ẹni tó wà nínú ilé ni mò ń wá."

Mo ṣí ìwé ẹ̀sùn ilé náà wò. Ohun tí èmi fúnra mi tẹ̀ síbẹ̀ lánàá ni mo kọ́kọ́ rí. A ó tan án padà kí ọ́fíìsì tó pa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ó lè yí padà.

"Mà," ni mo wí, "ẹ má pa fóònù. Ṣé kò sí aládùúgbò tó lè kan ilẹ̀kùn?"

"Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní nọ́mbà rẹ̀ ti rìnrìn-àjò. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àgbàlagbà tí kò gbé fóònù fún alẹ́ kan kò tíì di ẹjọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù, àǹtí."

Èèyàn mẹ́ta péré ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń tan àdírẹ́sì tuntun láti ọ́fíìsì, mi ò sì sí lára wọn. Mo gbé fóònù kejì sí etí òsì, mo pe Bàbá. Ó wà nínú ọkọ̀ èrò, ó ń bọ̀ níbi iṣẹ́.

"Bàbá, ilé olójú. A ò tan án."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ pé òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Nígbà tó padà sórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí títì.

"Ibùdókọ̀ méjì ni mo wà sí ibẹ̀. Mò ń lọ. Ìwọ wọlé pẹ̀lú orúkọ mi."

"Wọ́n máa lé yín lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí fóònù."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan nọ́mbà kọ̀ọ̀kan. Má fi àyè sáàárín wọn."

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó gbà. Bàbá ń mí gúlegúle sí mi létí, ó ń sọ ibi tí màá tẹ̀, èyí tí màá ṣí, ìlà tí màá wò. Mo rí àmì náà. Àpótí onígun mẹ́rin kékeré, kò tó èékánná, òfìfo sì ni. Mo fi àmì sí i.

"Tún àpótí rẹ̀ tàn láti ibẹ̀," ni Bàbá wí.

Mo tún un tàn. Ilé náà kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di eérú. Ìṣẹ́jú méjì ló máa ń gbà kó tó padà. Nọ́ọ̀sì wà ní etí ọ̀tún mi, Bàbá wà ní etí òsì, mo sì ń wo aago pupa yẹn lára ògiri. Ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń wo aago náà, mi ò mọ̀ rí pé ìṣẹ́jú gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Aago wọlé, ó rí ojú mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọ̀ ewé padà.

"Ẹ wò ó báyìí, mà."

"Kò ṣí," ni Nọ́ọ̀sì wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ní, "Kò ṣí, àǹtí. Kò ṣí." Ohùn tó balẹ̀ yẹn ti já.

Mo sọ fún Bàbá. Ó ṣẹ́ èpè kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Nọ́mbà ti yí ni. Ìgbàkígbà tí a bá pa á ká tó tún un tàn, ẹ̀rọ wa á fún un ní nọ́mbà mìíràn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa di tirẹ̀ mú, wọn ò dá mi lóhùn. Fóònù Nọ́ọ̀sì ń lọ sí nọ́mbà àná. Ka tòní fún un."

Àdírẹ́sì tuntun gùn. Nọ́mbà àti lẹ́tà ni, mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́jọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Nọ́ọ̀sì ń tún un pè lẹ́yìn mi bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí a parí, kò ṣí. A tún un kà látòkè. Ọ̀nà karùn-ún ló ti fò. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọn imú, tó ń pa èyí tó kọ rẹ́, tó ń tún un kọ.

"Mà?"

"Ó ti ṣí," ni ó wí. "Ilé ìdáná ni mò ń wò. Iná wà ní títàn. Àga ti ṣubú."

Mo sọ fún Bàbá pé kó sáré.

"Mo rí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn tábìlì. Bàtà kan ti bọ́." Ó dẹ́kun. "Màámi. Màámi, èmi ni."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, láti inú ilé yẹn wá sínú fóònù Nọ́ọ̀sì, láti ibẹ̀ wá sí etí mi, ohùn kan tó gbẹ bí ewé.

"O ti wá dá mi lóhùn."

Mo fi orí lé tábìlì. Ní etí òsì, Bàbá ń pariwo pé òun ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n tì í láti inú. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ibi tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Màmá ní ó wà nínú agolo òwú, lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Mo sọ fún Bàbá. Mo gbọ́ tí agolo bọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: "Mo ti dé, Màmá. Ẹ má mira." Ọ̀gá Aago ti ń bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tirẹ̀.

Egungun ìbàdí Màmá ló kán. Wákàtí kan péré lẹ́yìn tí Bàbá kúrò níbẹ̀ lánàá ló ṣubú. Dọ́kítà ní bó bá fi di ọ̀sán ni, ẹ̀mí á ti bọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Bàbá kó wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn oníbàárà nìkan ni ẹ̀rọ wa ń gbà sílẹ̀, kì í gba tàwa òṣìṣẹ́. Mo jókòó sídìí fóònù mi, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí. Ohun tí Bàbá kọ ni pé òun lòun pa á, òun lòun gbàgbé. Ọ̀gá Aago, tó dúró lẹ́yìn mi tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, gba ìwé náà, ó tì í sínú fáìlì. Wọ́n gba àkàbà lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n fi í sí stóò nísàlẹ̀ pé kó máa ka wáyà. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Mo wo bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn nǹkan rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹnu mi wúwo bí òkúta, ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti èmi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti dé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Màmá kéré lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dì mọ́ Bàbá lọ́wọ́, ó ń súre fún un pé òun ló gba òun là. Bàbá jẹ́ kó parí.

"Màmá," ni ó wí, "èmi ni mo pa ojú yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ríran láti ìgbà tí mo kúrò nílé yín."

Màmá wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń tàn," ni ó wí. "Búlúù yẹn."

"Iná yẹn kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń wò, Màmá."

Màmá kọjú sí Nọ́ọ̀sì.

"Mo bá ọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kó o má dààmú, pé kó o lọ sùn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ọ́. O ò dá mi lóhùn. Mo ní, ọmọ mi ń wò mí nílẹ̀ níbí, ó sì dákẹ́. Mo bínú sí ọ. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí ọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Jọ̀ọ́, o ò gbọ́ wọn, àbí?"

"Mi ò gbọ́ ọ̀kankan, Màámi," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì náà, ó sunkún.

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, pé ẹlòmíràn ló ní kí wọ́n pa á. Bàbá wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rọra mi orí. Mo pa ẹnu dé. Mo ti sọ fún ara mi láti ọjọ́ náà pé òun ló dá mi dúró, ṣùgbọ́n ọdún méjì kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún mi orí sí mi.

Lọ́jọ́ tí Bàbá máa lọ, páálí náà ṣì wà lára ògiri. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, mo mú bírò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ìlà mi àkọ́kọ́, lẹ́tà ńlá-ńlá kó lè ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà: "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, èmi ni mo ní kí Bàbá pa á. Kò fẹ́ ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣe é." Ọ̀gá Aago ló kọ́kọ́ dé tó kà á. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wo aago rẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá wá gbé páálí rẹ̀. Bàtà onítépù yẹn náà ló wọ̀. Ó fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀, bó ṣe máa ń ka ìwé kékeré rẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kà á tán.

"Mo ti ń retí rẹ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ gbogbo tí mo fi wà nísàlẹ̀ yẹn, bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń rò pé ìwọ ni."

Ó ká páálí náà, ó fi sábẹ́ apá.

"O ti wo ilé Màmá lónìí?"

"Mo ti wò ó, Bàbá. Ó wà ní títàn."

"Tún un wò kó o tó lọ," ni ó wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.